Táyé Lọ sí Èkó

Ẹ má bi mí ìdí tí mo fi kọ ojú fọ́tò yẹn sí ògiri. Gbogbo ẹni tó bá wọ yàrá mi ló ń bi mí, ọ̀rọ̀ náà sì ti sú mi. Fọ́tò ọmọ mi ni. Ọmọbìnrin méjì ló wà nínú rẹ̀, aṣọ kan náà, bàtà kan náà, irun kan náà, wọ́n dúró síwájú aṣọ kan tí wọ́n ya òkè àti igi ọ̀pẹ sí. Súbérù tó ń ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rélùwéè Òṣòdì ló yà á. Ọmọ kan ṣoṣo ló sì yà. Fíìmù kan náà ló tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó fi ọ̀kan sọ́tùn-ún, ó fi ọ̀kan sósì, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń ṣe é fún ìyá ìbejì tí ọ̀kan nínú ọmọ rẹ̀ kò bá sí mọ́. Ọmọ tó kù ló máa ń dúró fún èkejì rẹ̀.

Ọwọ́ ọmọ mi méjèèjì wà nílẹ̀ lọ́jọ́ tó yà á. Mo wà níbẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo fà á lọ́wọ́ wálẹ̀ tí mo ní kó dúró dáadáa. Ọwọ́ ẹni tó wà lápá ọ̀tún wà nílẹ̀ títí dòní. Ẹni tó wà lápá òsì ti gbé ọwọ́ sókè, ó di etí ara rẹ̀ mú.

Ẹ máa rò ó pé mo ti ya wèrè. Ẹ rò ó dáadáa. Mo gbé e lọ bá Súbérù. Ó wò ó, ó gbé e sún mọ́ ojú fèrèsé, ó tún wò ó. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, èyí kọ́ ni mo ṣe fún yín o." Ó dá a padà fún mi, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, kò sì ní kí n jókòó.

Inú ń bí mi. Mo ń tètè sọ ọ́ kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé ìbínú ni mo fi ń rojọ́ yìí, kì í ṣe ẹkún. Ẹkún ti tán lójú mi.

Òkèehò la ti wá. Ibẹ̀ ni mo bí wọn sí. Táyé ló kọ́kọ́ jáde, Kẹ́hìndé tẹ̀ lé e, gbogbo wa sì mọ̀ pé Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n. Òun ló rán àbúrò rẹ̀ ṣáájú pé kó lọ tọ́ ayé wò fún òun. Wọ́n jọra débi pé èmi tí mo bí wọn gan-an máa ń ṣì wọ́n pè. Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ sùn nìkan ni mo máa ń mọ̀ wọ́n láìsí wàhálà. Táyé kì í lè sùn àfi kó di etí òsì rẹ̀ mú. Á fi ìka méjì mú un, á máa rọra tẹ̀ ẹ́, títí oorun á fi gbé e lọ. Kẹ́hìndé ò ṣe bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀.

Wọ́n pé ọdún mẹ́ta nígbà tí èéyi wọ ilé wa. Ó mú àwọn méjèèjì. Ọ̀kan dìde.

Nílé ọkọ mi, ẹnikẹ́ni kì í la ẹnu sọ pé ìbejì kú. Èèwọ̀ ni. Wọ́n ní tí ẹ bá sọ ọ́, ẹni tó kù á gbọ́, ẹsẹ̀ á sì máa yún òun náà láti lọ. Ìyá ọkọ mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, pe ilé jọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó ní, "Táyé lọ sí Èkó. Ẹni tó bá bèèrè, ó lọ sí Èkó." Wọ́n ti ń sọ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó bí òun pàápàá, torí Èkó jìnnà, kò sì sẹ́nì kankan nínú ilé wa tó rò pé òun máa débẹ̀ láyé. Kẹ́hìndé wà láàárín wa, ara rẹ̀ ṣì ń gbóná, ó wò wá yí ká lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó ní, "Ìgbà wo ló máa dé?"

Ìyá Àgbà ní, "Ó máa pẹ́ díẹ̀."

Ó dáa, ẹ wá wo ohun tí ọkọ mi ṣe. Mùnírù lorúkọ rẹ̀, awakọ̀ ni. Lọ́dún tí owó Údójì tí ìjọba fi kún owó oṣù jáde, tí ẹni tí kò ní bàtà lánàá ń gbé rédíò kọ́ èjìká kiri, gbogbo ayé ń sáré lọ sí Èkó, Mùnírù náà sáré. Ó rí iṣẹ́ lọ́dọ̀ kọngílá ńlá kan tó ń kó òkúta àti igi sídìí títì tuntun tí wọ́n ń là gba Òṣòdì kọjá. Kò pé oṣù mẹ́ta tó fi padà wá kó wa. Ó dúró ságbàlá, ó fi ọwọ́ lu ara ọkọ̀, ó kígbe pé, "Ẹ kó ẹrù yín o! À ń lọ sí Èkó!"

Kẹ́hìndé ti di ọmọ ọdún méje nígbà yẹn. Mo rí i tó dìde. Ó wọ yàrá Ìyá Àgbà, nígbà tó sì jáde, báàgì kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tú u wò. Aṣọ tirẹ̀ wà níbẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, ó kó aṣọ Táyé sí, àwọn aṣọ pínníṣín ọmọ ọdún mẹ́ta tí Ìyá Àgbà kó pa mọ́ sísàlẹ̀ àpótí.

"Màámi, mo mọ̀ pé kò ní gba Táyé mọ́," ó ń sọ̀rọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, "àmọ́ inú ẹ̀ máa dùn pé a tọ́jú ẹ̀ dè é."

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti jókòó, kí n gbé ọmọ mi lé ẹsẹ̀, kí n wá bí mo ṣe máa sọ ọ́. Mo gbójú sókè. Ìyá Àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ojú rẹ̀ tí kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, ó ń mi orí sí mi pé rárá. Ni mo bá pa ẹnu mi dé. Mo gbé báàgì náà sínú ọkọ̀.

Ìsọlọ̀ la gba yàrá sí, yàrá kan ṣoṣo, nínú ilé tí àwọn ará Ọ̀yọ́ àti ará Ọ̀ṣun kún bámúbámú. Láti ọjọ́ tá a ti débẹ̀ ni Kẹ́hìndé ti ń wá àbúrò rẹ̀. Ó wá a nídìí ẹ̀rọ omi, ó wá a lọ́nà Èjìgbò, ó wá a nílé kéwú. Ọmọbìnrin èyíkéyìí tó bá ti tó o ga, á yí ojú rẹ̀ padà kó lè wò ó dáadáa. Tó bá gbọ́ tí wọ́n pe "Táyé!" láàárín èrò, á já ọwọ́ rẹ̀ gbà lọ́wọ́ mi, á sáré lọ. Ṣé Táyé kan ṣoṣo ló wà ní Èkó ni? Á padà wá pẹ̀lú ojú tó rẹ̀wẹ̀sì, á ní, "Kì í ṣe òun." Àwọn ayálégbé bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú àánú wò mí. Mi ò sì fẹ́ àánú ẹnikẹ́ni.

Ìdí tí mo fi mú un lọ sọ́dọ̀ Súbérù nìyẹn. Mo rò ó pé tó bá rí Táyé lára ògiri lójoojúmọ́, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Ó sì balẹ̀ lóòótọ́. Ní gbogbo àárọ̀, á kí fọ́tò náà, á bu oúnjẹ díẹ̀ síwájú rẹ̀, á lọ síléèwé. Mo ní kí Ọlọ́run bá mi fi mọ bẹ́ẹ̀.

Àfi bí kọngílá yẹn ṣe la ọgbà ẹranko. Olóyè Abórìṣàdé ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀yìn Okota ló là á sí, níbi tí igbó àti ẹrọ̀fọ̀ ṣì kún dáadáa láyé ìgbà yẹn. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára pátákó lẹ́nu géètì: ỌGBÀ ÌDÁÀBÒBÒ ẸRANKO. Ẹ JẸ́ KÁ DÁ WỌN SÍ FÚN ÀWỌN ỌMỌ WA. Ó fún gbogbo awakọ̀ rẹ̀ ní káàdì pé kí wọ́n kó ìdílé wọn wá ní Sátidé tó máa ṣí i.

A múra. Mo fún Kẹ́hìndé ní aṣọ tó fi ya fọ́tò wọ̀.

Olóyè dúró lórí pèpéle nínú agbádá léèsì, òógùn ń ṣàn lọ́rùn rẹ̀. Ó ní igbó ń tán lọ ní Nàìjíríà. Ó ní tá ò bá tètè dá àwọn ẹranko sí, inú ìwé làwọn ọmọ wa ti máa rí wọn. Ó dùn lẹ́nu rẹ̀ gan-an, èmi náà pàtẹ́wọ́. Ìgbà tó yá ni mo tó rò ó wò. Ta ló ń tán igbó? Katapílà rẹ̀ ló ń wó o. Ọkọ̀ rẹ̀ ló ń kó igi ibẹ̀ wá sí Èkó. Nígbà tí àwọn ẹranko ò ríbi sá sí mọ́, ó ní kí wọ́n máa mú wọn láàyè wá, ó kó wọn sẹ́yìn irin, ó sì ń gba pàtẹ́wọ́ lé e lórí pé òun ń dáàbò bò wọ́n. Ojú kì í ti irú àwọn èèyàn yẹn!

Òórùn ibẹ̀ kọ́kọ́ lù mí nímú, ìtọ̀ àti ẹja tó ti ń rà. Ọ̀nì kan wà nínú kòtò sìmẹ́ǹtì, kò ju omi tó bò ó lẹ́sẹ̀ lọ. Erè kan ká jọ sígun àpótí gíláàsì. Ẹtu kan ń lu orí mọ́ irin, gbì, gbì, ó ti bó níwájú orí. Àwọn ọmọ ń ju ẹ̀pà sí i, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Àgò irin tó gbẹ̀yìn ni ti edun. Ẹyọ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí gbogbo wa. Ara rẹ̀ dúdú kirikiri, irun funfun gígùn sì bò ó léjìká bí ìborùn. Àwọn èrò ń pariwo, "Ọ̀bọ! Ọ̀bọ! Yíjú síbí!" Ọkùnrin kan fi ìdérí ìgò sọ ọ́ lẹ́yìn. Níbi tá a ti wá, ìyá ìbejì kì í na ìka sí edun, kì í sì í pè é ní ọ̀bọ, torí ẹbí àwọn ìbejì ni. Mo kúnlẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀. Mo ní fún ọkùnrin náà pé, "Ṣé ó ṣe yín ní nǹkan kan ni? Ẹ fi í sílẹ̀!" Ó wò mí tìkà-tẹ̀gbin, ó bá tirẹ̀ lọ.

Bàbá tó ń tọ́jú àwọn ẹranko náà rí mi níbi tí mo kúnlẹ̀ sí, ó sì mọ ohun tó fà á. Ọlọ́runṣògo lorúkọ rẹ̀, ọdẹ ni kó tó wá wọ aṣọ kakí kọngílá. Ó sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ìyá Ìbejì ni yín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Oṣù kẹrin rèé tó ti wà níbẹ̀ yẹn. Kò kọjú séèyàn rí. Mo fún un léwé, ó kọ̀. Mo fún un ní ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó kọ̀. Ẹ̀wà tí mo sè fún ara mi, tí mo po epo mọ́, ohun tó jẹ nìyẹn."

Ẹ̀wà tí wọ́n po epo mọ́ loúnjẹ ìbejì. Gbogbo ìyá ìbejì ló ń sè é.

"Èkejì ẹ̀ dà?" ni mo bi í. "Ṣebí méjì-méjì ni wọ́n ń bí i?"

"Òun nìkan ni wọ́n bá nínú igbó. Ọkọ̀ igi ló gbé e wá, láti apá Òkèehò."

Mo yíjú sí ọkọ mi. Ilẹ̀ ló ń wò.

Mo ní, "Bàbá Ìbejì, ta ló wa ọkọ̀ yẹn?"

"Wọ́n ní kí n gbé ẹranko," ó ń rojọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Mo gbé ẹranko. Kí ni mo fẹ́ sọ fún ẹ?"

Mi ò ì tíì dá a lóhùn tí mo fi mọ̀ pé ọwọ́ Kẹ́hìndé ò sí nínú ọwọ́ mi mọ́. Ó ti lọ dúró síwájú irin. Kò pariwo. Bí ẹni tó fẹ́ jí èèyàn tó sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí ẹní ló ṣe pè é.

"Táyé."

Edun yẹn yíjú padà.

Ó wo ọmọ mi láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó wò ó pẹ́. Ó wá gbé ọwọ́ sókè, ọwọ́ dúdú tó ní ìka gbọọrọ mẹ́rin péré tí kò ní àtàǹpàkò. Ó fi ìka méjì mú etí òsì rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọra tẹ̀ ẹ́.

Mo fa Kẹ́hìndé kúrò níbẹ̀ bí ẹni fa ewúrẹ́.

Láti ọjọ́ yẹn, Kẹ́hìndé ò jẹ nǹkan kan mọ́ àyàfi ẹ̀wà, ìyẹn náà ò sì ju ìwọ̀n ṣíbí méjì. Kò kí fọ́tò mọ́. Nígbà tí mo bi í, ó ní kí ló fẹ́ kí nínú fọ́tò, nígbà tó ti mọ ibi tí ẹni náà wà. Ọrùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ẹ́rẹ́. Àwọn tíṣà dá a padà sílé pé ó ń sùn ní kíláàsì. Mo fọwọ́ kàn án ní iwájú orí, kò gbóná. Ó kàn ń tán lọ lójú mi ni, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run ṣẹ́ kù fún mi.

"Màámi, ẹ jẹ́ ká lọ mú un wálé," ó ń sọ ọ́ ní gbogbo ìgbà. "Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn."

"Ẹranko nìyẹn. Jẹun."

"Kò ríbi jáde. Èmi sì ni ẹ̀gbọ́n. Tí kò bá ríbi jáde, màá fún un ní àyè tèmi."

Mo gbá a létí. Mi ò lù ú bẹ́ẹ̀ rí. Kò sunkún, ó kàn ń wò mí, èmi ni mo jáde lọ sẹ́yìnkùlé lọ sunkún.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo dé láti ibi tí mo ti lọ pọn omi, mi ò bá a nílé. Mi ò bi ẹnikẹ́ni. Mo sáré láti Ìsọlọ̀ dé Okota nínú oòrùn ọ̀sán gangan, ìró mi ń tú, mò ń so ó lọ lójú ọ̀nà. Gbogbo ohun tí mo ń bínú sí ló ń sáré pẹ̀lú mi: Ìyá Àgbà tó mi orí sí mi, Mùnírù tó gbé ẹranko, Olóyè pẹ̀lú pátákó rẹ̀, Èkó tí wọ́n ní ó jìnnà.

Wọ́n jókòó, irin ló wà láàárín wọn. Ọmọ mi ti ọwọ́ bọ inú àgò, ìka gbọọrọ mẹ́rin yẹn sì dì í mú. Abọ́ ẹ̀wà kan wà nílẹ̀, àwọn méjèèjì ń jẹ ẹ́ pọ̀. Ọlọ́runṣògo dúró lápá kan, ó ṣí fìlà. Nígbà tó rí ojú mi, ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi.

"Ìyá Ìbejì, ẹ rọra. Ẹ fi ohùn jẹ́jẹ́ bá edun yìí sọ̀rọ̀. Ẹ sọ fún un pé ẹ ò gbàgbé ẹ̀, pé ẹ ó máa wá kí i. Ohun tó ń retí ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Á sì yọwọ́ lára ọmọ yín."

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Mo ti rò ó lẹ́gbẹ̀rún ìgbà láti ọjọ́ yẹn: ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ kan ṣoṣo. Ta ló kọ́ mi ní ìbínú yìí? Mo di irin mú, mo sì pariwo débi pé àwọn tó wà lẹ́nu géètì gbọ́.

"Táyé ti kú! Ẹ gbọ́ mi? Ó kú! Orí itan mi ló kú sí, Òkèehò la sin ín sí! Kò lọ sí Èkó kankan! Irọ́ ni! Irọ́ la pa fún ẹ!"

Ẹtu tó ń lu orí mọ́ irin dákẹ́. Mi ò gbọ́ ohùn ẹyẹ kankan mọ́. Edun yẹn fi ọwọ́ Kẹ́hìndé sílẹ̀, ó wò mí. Ojú rẹ̀ ò ní ìbínú kankan nínú, ìyẹn ló sì tún bí mi nínú jù. Ó wò mí bí ọmọ tí wọ́n na láìṣẹ̀ ṣe máa ń wo ìyá rẹ̀.

Kẹ́hìndé dìde, ó gbọn eruku ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Màámi, ẹ ti sọ ọ́," ó ní.

Ó tẹ orí mọ́ irin, ó sọ nǹkan kan wúyẹ́wúyẹ́ sínú àgò náà. Mi ò gbọ́ ọ. Edun náà gbọ́, torí ó mi orí. Mo gbé ọmọ mi pọ̀n, bó ṣe ga tó, mo fi ìró gbà á mọ́ra pinpin, mo mú ọ̀nà ilé pọ̀n. Ó wúwo nígbà tá a kúrò níbẹ̀. Nígbà tá a máa fi dé Ìsọlọ̀, ó ti fúyẹ́ gan-an, mo rò pé ebi ni. Oorun ti gbé e lọ. Mo tú u sílẹ̀ lórí ẹní, mo yíjú lọ wá omi. Nígbà tí mo padà, ó ti dojú kọ ògiri, ó fi ìka méjì di etí òsì rẹ̀ mú, ó ń rọra tẹ̀ ẹ́.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, Ọlọ́runṣògo ti wà lẹ́nu ọ̀nà wa. Àgò ti ṣófo, ó ní. Àgádágodo wà ní títì bó ṣe fi í sílẹ̀. Abọ́ ẹ̀wà wà níbẹ̀, ó mọ́ tónítóní. Wọ́n ti lé òun níṣẹ́, ó sì wá kìlọ̀ fún wa ni. Òótọ́ ló sọ, torí kò pẹ́ tí àwọn ọmọọṣẹ́ Olóyè fi dé, wọ́n tú yàrá wa, wọ́n ní Mùnírù ló jí edun, wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bú wọn tìyá-tìyá. Mo ní kí wọ́n sọ fún ọ̀gá wọn pé ẹni tó kó igbó odindi lọ ò lẹ́nu láti pe ẹnikẹ́ni lólè.

Nínú gbogbo ariwo yẹn, ọmọ náà jókòó, ó ń jẹun. Iṣu, ẹja, gààrì, kò sí èyí tí kò jẹ. Ó yẹ kínú mi dùn. Ó ní kí n fi ibi tí ilé ìyàgbẹ́ wà han òun, nínú ilé tá a ti ń gbé láti bí ọdún kan. Ó tú báàgì kékeré yẹn, ó gbé aṣọ ọmọ ọdún mẹ́ta kan mọ́ àyà, ó ní, "Tèmi rèé! Màámi, ta ló fún un mọ́ra báyìí?" Ó bi mí léèrè ajá wa. A kò lájá. A ní ajá kan rí ní Òkèehò, ó kú lọ́dún tí èéyi wọlé.

"Kẹ́hìndé," mo pè é.

Kò gbójú sókè. Mo pè é lẹ́ẹ̀kejì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó wò mí bí ẹni tó ń ṣàánú mi.

"Màámi, Kẹ́hìndé ò sí ńlé."

"Ibo ló lọ?"

"Ó lọ sí Òkèehò."

Ọjọ́ yẹn ni mo wo fọ́tò. Mo ti sọ ohun tí mo rí fún yín. Ohun tí mi ò tíì sọ ni pé mo ka ìka tó wà lára ọwọ́ tó gbé sókè yẹn. Mẹ́rin ni.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, awakọ̀ kan tó ti Òkèehò dé mú lẹ́tà wá. Ìyá Àgbà ò mọ̀ọ́kọ, tíṣà àdúgbò ló máa ń bá a kọ ọ́. Mùnírù kà á sétígbọ̀ọ́ mi.

"Mo kí yín. Kẹ́hìndé dé bá mi láàárọ̀ Sọ́ńdè. Irú òbí wo lẹ jẹ́, tí ẹ jẹ́ kí ọmọ ọdún mẹ́jọ dá rìn láti Èkó? Ojú mi ò ríran mọ́, àmọ́ mo mọ ohùn ọmọ mi. Ara rẹ̀ tutù, kò sì jẹ nǹkan kan àfi ẹ̀wà. Ó ní kí ìyá òun má bínú mọ́. Ó ní kẹ́ ẹ bá òun tọ́jú àbúrò òun dáadáa, pé kó máa jẹun."

Lábẹ́ rẹ̀, tíṣà ti fi ìkọ̀wé kéékèèké kọ nǹkan tirẹ̀ sí i: "Ohun tí Màmá ní kí n kọ ni mo kọ. Wákàtí kan ni mo fi jókòó nínú yàrá yẹn. Mi ò rí ọmọ kankan."

Mùnírù fẹ́ fọwọ́ kàn mí léjìká. Mo ní kó má dán an wò.

Ìgbà yẹn ni mo kọ ojú fọ́tò sí ògiri. Mi ò pe ọmọ náà lórúkọ mọ́. "Ìwọ," ni mò ń pè é. Ìwọ, wá wẹ̀. Ìwọ, wá sùn. Ara rẹ̀ ń dán sí i lójoojúmọ́, ó ń sanra, ó ń kọrin kiri àgbàlá. Àwọn ayálégbé ń bá mi yọ̀ pé Kẹ́hìndé ti gbádùn. Mo ń dáhùn pé a dúpẹ́. Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo bí ọmọ méjì, mo pàdánù ọ̀kan sọ́wọ́ àìsàn, mo sì fi ẹnu ara mi lé èkejì lọ. Bẹ́ẹ̀, ọmọ mi ló wà lágbàlá yẹn tó ń kọrin. Ta ni kí n na? Ta ni kí n gbá mọ́ra?

Ní ìrọ̀lẹ́ àná, oúnjẹ jiná. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo pe Kẹ́hìndé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè é, pẹ̀lú ohùn rara, kí gbogbo ilé lè gbọ́ pé mo pè é. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Mo wá rẹ ohùn mi sílẹ̀, débi pé èmi gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ ara mi.

"Táyé."

"Màámi!"

Ó ti sáré dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run nìkan ló mọ bí inú ṣe ń bí mi tó. Mo bu oúnjẹ fún un, ẹja tó tóbi jù ni mo sì fi sí i.